Másítà Nínú Social Work Láti Orí Kọ̀ǹpútà: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

  Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú. Àwọn kan ń tọ́jú àgbàlagbà nínú ilé wọn, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí àwọn aláìlera ń gbé, àwọn mìíràn wà ní ọsibítù àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Púpọ̀ nínú wọn ti gboyè nílé kí wọ́n tó wá, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, ní Ìlọrin, nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọ́n ń rí ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní social worker. Òun ló ń ṣètò ibi tí aláìsàn máa lọ tó bá kúrò ní ọsibítù. Òun ló ń pe ìdílé jọ. Òun ló ń kọ ìwé sí ilé ẹjọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọdé bá délẹ̀. Ìbéèrè náà wá ń wọlé: "Ṣé èmi náà lè kà á? Ṣé mo lè kà á láti orí kọ̀ǹpútà, kí n má fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ìdáhùn kúkúrú ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí kò ṣeé ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Apá yẹn kì í pariwo nínú ìpolówó ilé ìwé, òun ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ gbèsè. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká béèrè gbogbo rẹ̀ lónìí, ká tó fi owó lélẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní social work gan-an?

Nílé, wẹ́fíà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò fún lówó oúnjẹ ọmọ á ní, "Màá gbé ẹ lọ sí wẹ́fíà." Ó jẹ́ ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Social worker máa ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ní ilé ìwé, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní ilé àgbàlagbà, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Àwọn kan nínú wọn ń jókòó ti ènìyàn láti gbọ́ ìdààmú ọkàn rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í fojú kan aláìsàn rárá, òfin àti ètò ìjọba ni wọ́n ń bá wọ̀yá ìjà.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní 1889, Jane Addams àti Ellen Gates Starr ṣí Hull House ní Chicago, níbi tí àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé ti ń rí ìrànlọ́wọ́. Ní 1898, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé kan ní New York fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àánú, ẹ̀kọ́ yẹn ló dàgbà di ilé ẹ̀kọ́ social work ti Columbia. Ẹ kíyè sí i: láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò tó ń wá ibi fẹ̀yìn tì wà lára ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún.

Oyè méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni BSW, oyè yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Èkejì ni MSW, òun ni másítà tí à ń sọ lónìí. Ẹ kò nílò BSW kí ẹ tó ka MSW. Ẹni tó ka ìmọ̀ òfin, ìtàn, ìṣirò owó tàbí èdè Yorùbá lè wọlé. Ẹni tó bá ti ní BSW láti ilé ìwé tó ní ìfọwọ́sí lè gba ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń pè ní advanced standing, èyí tó ń gé ẹ̀kọ́ náà kúrú, nígbà mìíràn sí ọdún kan péré. Fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọdún méjì ni tó bá ń kà á ní kíkún, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́: ìfọwọ́sí

Kí ẹ tó wo iye owó, kí ẹ tó wo orúkọ ilé ìwé, ẹ béèrè ohun kan: ṣé CSWE ti fọwọ́ sí ètò MSW yìí? CSWE ni àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ social work ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1952. Tí kò bá sí ìfọwọ́sí wọn lórí ètò náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó fún ìdánwò ìwé àṣẹ. Ẹ ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, kò sì ní ṣílẹ̀kùn kankan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rọ́ ọ̀rọ̀ fún yín níbí. Yunifásítì lè ní ìfọwọ́sí gẹ́gẹ́ bíi yunifásítì, kí ètò social work rẹ̀ má sì ní ti CSWE. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bákan náà, oyè tó fara jọ social work lórúkọ, bíi human services, kì í ṣe MSW. CSWE ní àkọsílẹ̀ gbogbo ètò tó fọwọ́ sí lórí ìkànnì rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi ojú ara yín rí i níbẹ̀, ẹ má fi ti ẹni tó ń gbà yín wọlé ṣe é.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ti ka social work nílé ní Nàìjíríà, CSWE kan náà ní ẹ̀ka kan tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò láti sọ bóyá ó bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Ó ń gba owó àti sùúrù, nítorí ẹ máa nílò àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò yín láti ilé ìwé yín. Ẹni tó bá mọ bí gbígba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nílé mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Báwo ni kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rí?

Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. University of Southern California bẹ̀rẹ̀ MSW tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2010, Columbia tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ní tirẹ̀ báyìí. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa fún yín kì í sábà sọ pé orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti kà á.

Oríṣi méjì ni kíláàsì náà. Nínú oríṣi kan, ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní wákàtí tí wọ́n dá, kí olùkọ́ rí ojú yín, kí ẹ sì dá sí ọ̀rọ̀. Nínú oríṣi kejì, wọ́n á gbé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹ ó wò ó nígbà tí àyè bá gbà yín, ẹ ó kọ èrò yín síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á rò pé oríṣi kejì ló dára jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló rọrùn jù láti sún síwájú títí ọrùn á fi wọ̀ ọ́. Ẹ wo irú ènìyàn tí ẹ jẹ́ kí ẹ tó yàn.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà àti bí àwùjọ ṣe ń mọ ọ́n, òfin àti ètò ìjọba, ìwádìí, àti bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí yóò fi lè sọ tinú rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ ṣe bíi social worker, kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ṣe bí ẹni tó wá gba ìrànlọ́wọ́, kí ẹ ká a sílẹ̀. Wọ́n á sì tú u wò ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ìwé kíkọ pọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ti kọ ìwé gígùn gbẹ̀yìn, kó ti máa dá ọwọ́ rẹ̀ lára yá.

Apá tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà: ìkọ́ṣẹ́

A ti débi ọ̀rọ̀ wa báyìí. Òfin CSWE ni pé ẹni tó bá ń ka MSW gbọ́dọ̀ ṣe ìkọ́ṣẹ́ tí kò dín ní wákàtí 900. Ní ibi iṣẹ́ gidi ni, pẹ̀lú ènìyàn gidi, lábẹ́ ọ̀gá tó ní MSW tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún méjì lẹ́yìn tó gboyè. Akẹ́kọ̀ọ́ orí kọ̀ǹpútà kò bọ́ nínú rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ìkọ́ṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń di télọ̀ nípa kíka ìwé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe wákàtí 16 lọ́sẹ̀, wákàtí 900 á gba ọ̀sẹ̀ 57. Tí ẹ bá ń ṣe 20 lọ́sẹ̀, á gba ọ̀sẹ̀ 45. Ẹ wá mú ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ẹ fi 16 ìkọ́ṣẹ́ kún un. Ẹ fi 15 fún kíláàsì, ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ó di 71. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Tó bá ń sun wákàtí méje lálẹ́, 49 ti lọ. Ohun tó kù jẹ́ 48, ìyẹn wákàtí tí kò pé méje lójúmọ́, fún oúnjẹ sísè, ọmọ, ọkọ, ọ̀nà iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ìnáwó òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í tán. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń já lù láìsọ fún ará ilé.

Ohun kejì ni àkókò. Ọ̀pọ̀ ibi ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣí lálẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ilé ìwé, ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì ìjọba, ojúmọmọ ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ á rí i pé ibi ìkọ́ṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ ń fa òun mọ́ra lọ́wọ́ kan náà. Níbí yìí, iṣẹ́ alẹ́ tí ẹ ń ráhùn sí lè di ìrànlọ́wọ́ fún yín, nítorí ó fi ojúmọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta, oorun náà gbọ́dọ̀ ní ààyè tirẹ̀.

Ohun kẹta ni pé ọ̀pọ̀ ibi ìkọ́ṣẹ́ kì í sanwó. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín.

Ìrọ̀rùn kan wà. CSWE gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìkọ́ṣẹ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí iṣẹ́ náà bá bá àwọn ìmọ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n là sílẹ̀ mu, tí àkókò ìtọ́sọ́nà ẹ̀kọ́ sì yàtọ̀ sí ti iṣẹ́. Òfin tí wọ́n gbé jáde ní 2022 tún jẹ́ kó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bó ṣe máa ṣe é. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó wọlé, ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí: ta ló máa wá ibi ìkọ́ṣẹ́? Àwọn ilé ìwé kan á wá a fún yín ní àdúgbò yín. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ lọ wá a fúnra yín. Tí ilé ìwé bá wà ní Boston, tí ẹ̀yin sì wà ní ìlú kékeré kan ní Texas, ó lè má mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọdún kan lè lọ lásán, kí ẹ sì máa retí.

Ààlà ìpínlẹ̀, àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi

Kò sí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé bóyá ètò tí ẹ fẹ́ kà tẹ́ wọn lọ́rùn. Bákan náà, ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti kọ́ ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àdéhùn kan wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ lórí èyí, ṣùgbọ́n California kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Los Angeles gbọ́dọ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kì í mú físà wá. Ẹni tó bá sì wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò lè ka gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni òfin ń kà mọ́ ẹ̀kọ́ kíkún ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń fi ojú sùn-ún kà á láti Òṣogbo ní láti béèrè ibi tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ yóò ti wáyé, àti ibi tó fẹ́ lo ìwé ẹ̀rí náà.

Owó

Iye owó yàtọ̀ gan-an láti ilé ìwé kan sí èkejì. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ yín sábà máa ń wọ́n díẹ̀ ju ti aládàáni lọ, ìwé àṣẹ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń mú lọ. Ẹni tó ní green card lè béèrè fún ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ nípasẹ̀ fọ́ọ̀mù FAFSA. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2025 ti yí nǹkan padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2026, Grad PLUS, ẹ̀yáwó tó máa ń dí gbogbo àlàfo, ti parí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ másítà, ẹ̀yáwó ìjọba kò ní kọjá dọ́là 20,500 lọ́dún. Ilé ìwé tí owó rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, ẹ béèrè ibi tí ìyókù máa ti wá.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn wà. Ètò Title IV-E ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lówó bí wọ́n bá gbà láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé lẹ́yìn tí wọ́n bá gboyè. Ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Public Service Loan Forgiveness, tó ti wà láti 2007, ń fagi lé ìyókù gbèsè ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀mejì lé ní 118, ìyẹn ìgbà 120, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba tàbí àjọ tí kì í ṣe ti èrè. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn, ó kéré tán. Ibi tí social worker ti ń ṣiṣẹ́ jù sì nìyẹn.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí

Gbígba másítà kì í ṣe òpin. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ máa ṣe ìdánwò ASWB kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ. Tí ẹ bá fẹ́ máa tọ́jú ìdààmú ọkàn láìsí ọ̀gá lórí yín, ẹ ó tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà. Ní Texas, wákàtí 3,000 ni, kò sì gbọ́dọ̀ yá ju oṣù 24 lọ. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tó korò. Ní 2022, ASWB gbé èsì ìdánwò rẹ̀ jáde ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Láàárín 2018 sí 2021, nínú àwọn tó kọ́kọ́ jókòó fún ìdánwò ìtọ́jú ọkàn, nǹkan bíi 84 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun ló yege, ṣùgbọ́n 45 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Illinois ti yọ ìdánwò kúrò fún ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè bi ilé ìwé bóyá wọ́n ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìdánwò náà, kí ẹ sì ti máa múra láti ọjọ́ tí ẹ wọlé.

Ohun tí a ní, àti ohun tó máa nira fún wa

Yorùbá tó gbọ́ èdè méjì, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tó mọ̀ pé ìyá àgbà kan lè sọ pé "orí ń fọ́ mi" nígbà tó jẹ́ pé ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ilé ìwé kò lè kọ́ni. Àwọn ìdílé wa nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ èyí. Òfin sọ ọ́ di dandan fún social worker láti fi tó ìjọba létí tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé. Ẹni náà lè jẹ́ ọmọ ìlú yín. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Wọ́n á ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nílé." Ìwé àṣẹ yín kò ní gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń nà náà kò sì lè dúró de ìpàdé ẹbí. Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà: ohun tí ẹ gbọ́ ní ọ́fíìsì kò gbọ́dọ̀ dé ibi ìnáwó. Ẹni tí kò bá lè gbé èyí, kó ti mọ̀ báyìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́fà wọ̀nyí sílẹ̀. Ṣé CSWE ti fọwọ́ sí ètò yìí? Ṣé ìpínlẹ̀ mi gbà á? Ta ló ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́, ó sì ń pẹ́ tó báwo? Ṣé mo lè lo ibi iṣẹ́ mi? Èló ni gbogbo rẹ̀ títí di òpin, kì í ṣe ti sáà kan? Ẹni mélòó nínú àwọn tó gboyè lọ́dọ̀ yín ló ń yege ìdánwò ìwé àṣẹ? Ilé ìwé tó bá ń yí ìdáhùn po ti dáhùn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Ẹ fi ìṣirò wákàtí 168 yẹn hàn án. Ẹ jọ yan ẹni tó máa gbé ọmọ láti ilé ìwé àti ẹni tó máa dáná lọ́jọ́ ìkọ́ṣẹ́. Tí ẹ bá jọ gbà á, iṣẹ́ náà ti fúyẹ́ ní ìdajì.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ sanwó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó san án.